Oríkèé Méjì Nínú Ilẹ̀

"Gbé bàtà yẹn kúrò lórí koríko, jẹ́ kó mí."

Ohun tí ìyàwó mi sọ fún mi nìyẹn ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lò kẹ́yìn papọ̀. Ó jókòó níwájú ilé wa ní Bódìjà, ó na ẹsẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò wá ibi tí ìrì kò tíì gbẹ. Bí àlejò bá wà nílé, "ẹ" ni ó máa ń lò fún mi. Bí ó bá ku àwa méjì, a tún di ọmọdé tí ó jọ ń pọn omi, mo tún di "ìwọ". Mo gbé bàtà mi sórí àtẹ̀gùn. Ó ní oòrùn yóò pa awọ rẹ̀ níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo wọlé lọ po tíì fún un. Lọ́sàn-án, ó ní òun fẹ́ rẹjú díẹ̀. Kò jí mọ́.

Koríko tí ó ń gbèjà láàárọ̀ yẹn, ìyá tí ó bí ìyá rẹ̀ ni ó mú un wọ ìdílé wa, láti àárín pápá ìṣeré ńlá tí ó wà lẹ́bàá Ring Road. Mo ti gbọ́ ìtàn pápá náà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n máa ń sọ nípa símẹ́ńtì tí wọ́n fi kọ́ ọ, nípa iná tí ó ń sọ òru ibẹ̀ di ọ̀sán, nípa àwọn tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n sáré, tí wọ́n kan ẹ̀ṣẹ́ níbẹ̀. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ nípa ilẹ̀ tí gbogbo wọn tẹ̀. Èmi wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbìn ín. Mo tilẹ̀ wà lára àwọn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́.

Ọdún díẹ̀ kí a tó gba òmìnira ni. Bàbá mi ti Iléṣà wá ṣe akọ̀wé ní Dùgbẹ̀, a sì gba yàrá méjì nínú agbo ilé kan tí kò jìnnà sí ibi tí Ring Road gbà kọjá lónìí. Mùsùlùmí ni àwọn onílé wa, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé. Ìyá àgbà ni olórí àwọn obìnrin ilé náà. Ìró wọn ni mo fi ń jí: tẹ̀súbáà tí ó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ikọ́ kékeré kan, lẹ́yìn náà ìgbálẹ̀. Òórùn òrí àti èéfín igi kì í kúrò lára aṣọ wọn. Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin kan ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ó kéré sí mi ní oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Òun ni mo padà fẹ́.

Bàbá àgbà ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú. Oko tí òun àti ìyá àgbà jọ ń ro wà lára ilẹ̀ tí ìjọba gbà fún pápá ìṣeré náà. Katakata dé, ó hú igi obì, ó tẹ́ ebè pẹrẹsẹ. Lọ́sàn-án, bí ó bá ń ti erùpẹ̀ lọ, abọ́ máa ń gbọ̀n lórí pẹpẹ nínú yàrá wa. Ìyá àgbà fi ọkọ́ wọn kọ́ ara ògiri. Láti ìgbà náà, wọn a jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọn a máa fi ọwọ́ kan ra èkejì, bí ẹni tí nǹkan sọnù sí ní àtẹ́lẹwọ́.

Nígbà tí ibi ìjókòó ti ń ga yí pápá náà ká, wọ́n kéde pé àwọn ń wá obìnrin tí yóò gbin koríko. Télọ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé wa, ẹnu rẹ̀ àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kì í sinmi.

"Ìyá, wọ́n ní ẹ fẹ́ lọ gbin koríko? Háà! Bí ẹ bá gbìn ín tán, ẹ bá wa gbin eku mọ́ ọn o."

"Bí mo bá gbin eku tán, ìwọ ló kàn," ni ìyá àgbà dá a lóhùn, wọn ò sì yíjú wò ó.

Gbogbo àdúgbò ni ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ kò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó má rẹ́rìn-ín. Ta ni ó ń gbin ọ̀tá sí oko? Bàbá mi pàápàá bi wọ́n bóyá òótọ́ ni.

"Akọ̀wé," ni ìyá àgbà wí, "ilẹ̀ tí èmi àti ọkọ mi roko sí ni. Ohun yòówù tí wọ́n bá fẹ́ gbìn síbẹ̀, ọwọ́ tí ilẹ̀ náà mọ̀ ni kó gbìn ín."

Ìyá àgbà kó obìnrin mẹ́sàn-án jọ, wọ́n sì fi orúkọ ara wọn dúró fún gbogbo wọn níwájú ọ̀gá iṣẹ́.

Koríko náà tẹ́ẹ́rẹ́, kì í ga. Ńṣe ni ó máa ń ràn nílẹ̀ bí okùn, ó sì ní oríkèé bí ìka ọwọ́. Wọ́n gbìn ín ní ìlà títí tí pápá fi kún. Kí àárín pápá lè lọ́ràá, ọ̀gá iṣẹ́ ti ní kí wọ́n kó erùpẹ̀ wá láti ààtàn àtijọ́ kan, kí wọ́n dà á síbẹ̀. Òjò rọ̀ fún bí oṣù kan. Koríko hù, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ó ti sùn sínú ààtàn náà hù pẹ̀lú: tẹ̀tẹ̀, gbúre, ata, tòmátì.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀gá iṣẹ́ dúró létí pápá. Ó jẹ́ ènìyàn gíga kan tí kì í bọ́ fìlà rẹ̀.

"Ìyá, lọ́la kí ẹ bá wa ro àárín yẹn mọ́ tónítóní. Mo fẹ́ lọ wo àwọn ará ilé. Ó di Mọ́ńdè."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kò sí ilé ẹ̀kọ́, nítorí náà èmi àti ọmọ-ọmọ ìyá àgbà tẹ̀lé wọn. Oòrùn kò tíì le. Àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìlà kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìkómọ tí ẹnìkan ń gbèrò ní Baṣọ̀run. Ọ̀rọ̀ ń lọ lẹ́nu, ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Èmi àti ọmọbìnrin náà ń díje ta ni òkìtì rẹ̀ yóò ga jù. Mo ń fi ọwọ́ méjèèjì fà, erùpẹ̀ tútù ń ta sí mi lójú. Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, tèmi ni ó ga jù. Mo na ẹ̀yìn mi, mo ń retí ìyìn.

Ọmọbìnrin náà kò wo òkìtì mi. Àárín pápá ni ó ń wò. Tẹ̀tẹ̀ dúró níbẹ̀ ṣámúṣámú, gbúre tẹ́ rẹrẹ, ata mẹ́rin wà láàárín wọn. A ti ro ìdí wọn mọ́ tónítóní. Koríko kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Ìyá àgbà," ni ó wí, "kí ni wọ́n ní ká gbìn síbí?"

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òmíràn bú sẹ́rìn-ín, ó tún fi ọwọ́ bo ẹnu. Láti kékeré ni ọwọ́ wọn ti ń fa koríko, tí ó ń dá ẹ̀fọ́ sí. Ẹnìkan ní kí wọ́n ro ilẹ̀, wọ́n sì ro ó. Ìyá àgbà rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan. N kò tíì rí wọn kí wọ́n jókòó lójú iṣẹ́ rí.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, a ti ilé ẹ̀kọ́ dé bá igbe ọ̀gá iṣẹ́.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Àwa ni," ni ìyá àgbà wí. "Èmi ni."

"Ìyá, ṣé ọbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ máa fi ẹsẹ̀ gbá níbí ni? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní ni òyìnbó tó ya àwòrán pápá yìí ń bọ̀ wá wo iṣẹ́. Kí ni kí n sọ fún un? Kí n ní kó mú irú àti iyọ̀ dání?"

Àwọn bíríkìlà tí wọ́n wà lókè rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Ọ̀gá iṣẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní koríko tí ó wà nípamọ́ ti tán, òjò náà sì ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ó ní bí òyìnbó bá bá ojú pupa yẹn láàárín pápá, gbogbo àwọn obìnrin náà ni òun yóò lé, òun yóò sì wá àwọn ọkùnrin tí ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

"Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, Ọ̀gá."

"Bí kò bá wá hù ńkọ́?"

"Èmi nìkan ni kí ẹ lé. Orúkọ mi ni mo fi mú wọn wá."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá àgbà lọ dúró ti òkìtì koríko tí a ti kó jọ sábẹ́ igi mángòrò kan létí pápá. Àwa méjì dúró lẹ́yìn wọn. Òkè òkìtì náà ti rọ, ó ń rùn bí ewé tí ó fẹ́ jẹrà. Ọmọbìnrin náà ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ìgúnpá.

"Ó tutù nínú," ni ó wí. Ó fa ìtàkùn koríko kan jáde. Ó ṣì tutù yọ̀yọ̀. Lára oríkèé rẹ̀, gbòǹgbò funfun kékeré ti ń yọ bí eyín ọmọ tuntun.

Ìyá àgbà gbà á, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. Lẹ́yìn náà wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí bàbá àgbà ti kú, n kò gbọ́ ẹ̀rín náà rí. Ó ròkè débi pé ẹyẹ fò kúrò lórí mángòrò.

"Aláìlójútì! Ogójì ọdún ni mo fi bá ọ jà. Mo fi ọkọ́ ṣá ọ, mo fi iná sun ọ́, mo sì mọ ibi tí ẹ̀mí rẹ wà." Wọ́n kọjú sí wa. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, gbogbo ohun tí ìyá mi ní kí n má ṣe lóko, òun gan-an la máa ṣe."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe. A kọ́kọ́ fa gbogbo ẹ̀fọ́ àárín pápá tu. Bí ọkọ́ tí kò mú bá gé koríko yẹn ní oríkèé mẹ́rin mẹ́rin, àgbẹ̀ gbé, nítorí ìkọ̀ọ̀kan yóò di odidi. Nítorí náà wọ́n ní kí a gé e ní oríkèé mẹ́rin mẹ́rin. Àgbẹ̀ kì í roko lọ́jọ́ òjò, nítorí koríko tí a fà sórí ilẹ̀ tútù yóò tún dìde. Nítorí náà wọ́n ní kí a pọn omi sí ilẹ̀ títí yóò fi di ẹrọ̀fọ̀. Àgbẹ̀ a máa gbọn erùpẹ̀ kúrò ní gbòǹgbò, a sì máa da koríko sójú oòrùn kí ó lè kú. Wọ́n ní ẹni tí ó bá gbọn erùpẹ̀ dànù, àwọn yóò na án. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bo gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sán, wọ́n sì ń ṣí i ní ìrọ̀lẹ́.

"Bísímílà," ni wọ́n wí lórí èyí àkọ́kọ́. Wọ́n fi ìka dá ihò, wọ́n tẹ́ ẹ sínú. "Oríkèé méjì nínú ilẹ̀, oríkèé méjì lójú oòrùn. Fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ń fajú ro. "Ìyá, ọwọ́ mi ò gbà á. Bí mo bá ti dì í mú, ńṣe ló ń ṣe mí bíi kí n jù ú."

"Sọ fún ọwọ́ rẹ pé iṣu ni."

"Iṣu wo ló rí báyìí?"

"Iṣu òyìnbó. Gbìn ín jàre."

Omi ni ó nira jù. Odò wà ní ìsàlẹ̀, òkè ni a sì ń gùn bọ̀. Kí a tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, èmi àti ọmọbìnrin náà a ti gbé garawa méjì méjì. Lẹ́yìn ìrun àsárì, àwọn obìnrin a tún bẹ̀rẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ bí omi ṣe ń dún gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀ nínú garawa lórí mi, mo sì ń rántí bí ó ṣe ń kán sí mi lẹ́yìn ọrùn, pẹ̀lú òórùn karosíìnì tí kì í tán nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ, koríko náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ọ̀gá iṣẹ́ kọjá, ó wò ó, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀fọ́ o," ó lọ. Télọ̀ gbọ́, ó sì béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà bóyá ó ku gbúre tí òun lè rà. Ìyá àgbà gbé garawa wọn, wọ́n kọjá lọ. Ní ọjọ́ yẹn, wọ́n pọn omi lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ó bá rẹ̀ wọ́n, wọn a dúró sí igun kan pápá náà, wọn a máa wo ilẹ̀. Ọmọbìnrin náà sọ fún mi pé ibẹ̀ ni ahéré bàbá àgbà wà tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìlá, ọmọbìnrin náà dojú bolẹ̀ létí ibi tí a gbìn, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé erùpẹ̀.

"Wá wò ó láti ìsàlẹ̀," ni ó wí fún mi. "Má wò ó láti òkè."

Mo dùbúlẹ̀ tì í. Láti òkè, pupa ni ilẹ̀ náà. Láti ibi tí a wà yẹn, ewé tíńtìntín ti bo gbogbo rẹ̀, bí irun tí ó ń hù lórí ọmọ tí wọ́n fá. A pariwo pọ̀. Àwọn obìnrin ju garawa sílẹ̀, wọ́n sáré wá. Ìyá àgbà kò sáré. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí rẹ̀, gìgísẹ̀ ṣáájú, ìka tẹ̀lé e.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́! Bí a kò bá tẹ̀ ẹ́, òkè ni yóò máa wò. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kó wá ilẹ̀ lọ."

Obìnrin mẹ́sàn-án àti ọmọ méjì tò tẹ̀lé wọn, a ń tẹ koríko bí ẹni tí ó ń tẹ́ ẹní. Títí ọ̀sẹ̀ kẹta fi pé ni a ń ṣe é.

Òyìnbó náà dé, ó wọ ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ funfun tí ó dé orúnkún. Ọ̀gá iṣẹ́ ń tẹ̀lé e, ó ń fi fìlà rẹ̀ nu òógùn, mo sì rí orí rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n wo ibi ìjókòó, wọ́n wo ọ̀nà eré sísá, wọ́n wọ inú pápá. Ní àárín gan-an, òyìnbó dúró. Ewé ibẹ̀ ṣì fúyẹ́ díẹ̀ ju ti ìyókù lọ. Ó fi ọ̀pá gún un, ó sọ nǹkan kan.

"Kí ló wí?" ni ìyá àgbà béèrè.

"Ó ní ó jọ pé tuntun ni èyí."

"Ẹ ní kó fà á."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó bá mi."

"Bí ẹ kò bá sọ fún un, èmi yóò fi ọwọ́ sọ ọ́." Wọ́n jáde síwájú òyìnbó, wọ́n nawọ́ sí koríko, wọ́n ṣe bí ẹni tí ó ń fa nǹkan tu.

Òyìnbó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa díẹ̀. Orí ewé já sí i lọ́wọ́. Ó tún un dì mú dáadáa. Kò wá. Ó gbé ọ̀pá sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un, ó fi gbogbo ara fà á. Ewé já, òyìnbó sì fìdí balẹ̀ gbì.

Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ariwo sì sọ. Àwọn bíríkìlà ń lu páànù lókè, àwọn obìnrin ń dì mọ́ ara wọn. Òyìnbó dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀, ó bọ ìyá àgbà lọ́wọ́, ó sọ̀rọ̀ gígùn kan. Ọ̀gá iṣẹ́ túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní ó dára."

"Ṣé gbogbo ìyẹn ni 'ó dára'?"

"Ìyá, ó ní iṣẹ́ yín dára ju tàwa yòókù lọ. Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?"

"Ẹ tún un sọ, ẹ sọ ọ́ sókè. Télọ̀ wà lẹ́nu géètì."

Lóòótọ́ ni télọ̀ wà níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, àwọn bíríkìlà àti káfíńtà gbá bọ́ọ̀lù ìdánwò. Wọ́n sáré, wọ́n ṣubú, wọ́n fi bàtà ya ilẹ̀, koríko àárín pápá sì dúró. Télọ̀ bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá àgbà, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá òun gbin díẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Kò burú," ni wọ́n wí. "Bí mo bá ti gbin ìwọ tán."

Kí a tó lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gé ìtàkùn kan, wọ́n dì í sí ìṣẹ́tí ìró. Wọ́n gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ọkọ́ wọn kọ́ sí.

Láti ìgbà náà, mo ti jókòó ní pápá yẹn fún eré ìje àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, fún ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, fún ìwàásù, fún ayẹyẹ ìjọba. Ìgbà kan wà tí wọ́n pa á tì, ìgbà kan wà tí wọ́n tún un ṣe. Nígbà tí ìyá àgbà wà láyé, a máa ń mú wọn lọ. Bí gbogbo ènìyàn bá dìde fún góòlù, wọn a jókòó, wọn a ní, "Ẹ wò bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kò sì kú." Mo rò nígbà náà pé koríko nìkan ni wọ́n ń sọ. Opó ọdún kan ni wọ́n nígbà tí wọ́n gbìn ín, n kò sì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Ìyàwó mi gbé koríko náà láti ilé dé ilé, títí a fi kọ́lé sí Bódìjà. Nígbà tí àwọn ènìyàn wá bá wa ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, wọ́n ta kánópì, wọ́n to àga sórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó wọn lọ, ojú pupa kan ṣẹ́kù, ó tó ẹní méjì. Àwọn ọmọ wa ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká kúkú fi ìńtálọ́ọ̀kì bò ó." Mo ní rárá. Fún oṣù kan gbáko, n kò ṣe ohunkóhun fúnra mi. Wọ́n ń gbé oúnjẹ wá, wọ́n ń po tíì fún mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti géètì, mo pọn omi sí ilẹ̀ títí ó fi di ẹrọ̀fọ̀. Mo gé ìtàkùn láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ní oríkèé mẹ́rin mẹ́rin. Orúnkún mi kò fẹ́ kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀. Inú ìjọ ni wọ́n bí mi sí, síbẹ̀ mo ní, "Bísímílà," nítorí n kò mọ ọ̀nà mìíràn tí a ń gbà gbin koríko. Mo gbìn títí oòrùn fi gun òkè. Mo fi imọ̀ bò ó, mo ń ṣí i ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kejìlá, mo dojú bolẹ̀ láti wò ó láti ìsàlẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó lè dìde.

Láàárọ̀ òní, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé. Mo di ìdì kan mú, mo fà á. Kò wá. Mo bọ́ bàtà mi, mo gbé e síbi tí oòrùn kò ní pa awọ rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí koríko náà.